Kí ni wọ́n rí nínú onígun mẹ́rin dúdú yìí?

Afíngbá Ọ̀yọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Igbá ni mò ń fín nítòsí ọjà Àkẹ̀sán, iṣẹ́ bàbá mi ni. Àbúrò mi fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi: onígun mẹ́rin dúdú lórí funfun, ó tán. Ó ní ará Rọ́ṣíà kan, Kazimir Malevich, ló yà á. Mo wò ó títí. Kí ló wà níbẹ̀?

Ìyá Tíṣà, Ògbómọ̀ṣọ́: Ọmọ mi, ibi tó gbé e kọ́ ni kí o kọ́kọ́ wò. Níbi àfihàn kan ní Petrograd (ìlú tí à ń pè ní St. Petersburg lónìí) lọ́dún 1915, igun yàrá lókè lábẹ́ àjà ló fi í sí. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ Rọ́ṣíà máa ń gbé àwòrán Jésù àti Màríà kọ́ sí nínú ilé. Kò fẹ́ ya igi tàbí ènìyàn mọ́. Àwọ̀ àti ìrísí nìkan tó o. Ọ̀dà rẹ̀ ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ báyìí, àwọ̀ mìíràn sì ń yọjú lábẹ́ rẹ̀.

Ayàwòrán: Lọ́dún 1921, Rodchenko, ayàwòrán Rọ́ṣíà mìíràn, kun aṣọ àwòrán mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ kan ṣoṣo: pupa, yẹ́lò, búlúù. Ó dùn mí pé nígbà tó di 1932, ìjọba Stalin ní Soviet tú gbogbo ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ibẹ̀ ká.

Afíngbá Ọ̀yọ́: Ẹ ṣeun gan-an, mà. Nínú igbá, ibi tí n kò fín ló ń gbé ibi tí mo fín yọ. Mo tún wò ó lálẹ́ àná, mo fi rúlà sí i: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ gún. Ọwọ́ ènìyàn ló yà á.