Fífi fláì pẹja trout ní Letort àti Falling Spring: ẹ ṣọ́ ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó ṣọ́ fláì

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè fláì (ìwọ̀ tí a wé irun tàbí ìyẹ́ mọ́ kó lè jọ kòkòrò) tí ẹ máa rà kí ẹ tó lọ pẹja trout, ẹja omi tútù, ní odò Letort ní Carlisle, Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ẹsẹ̀. Abẹ́ òkúta ẹfun ni omi yẹn ti ń sun. Ó mọ́ gaara, ó ń rọra ṣàn, òtútù kì í mú un dì, ooru kì í sì í gbé e: nítòsí ìsun, nǹkan bíi 10 sí 11 °C ló máa ń wà yípo ọdún. Kò sí ohun tí ẹja inú irú omi bẹ́ẹ̀ kì í rí. Bèbè náà rọ̀ bíi tìmùtìmù. Bí èèyàn bá fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ níbẹ̀, ẹja tó wà ní ogún ẹsẹ̀ bàtà ti gbọ́. Ó lè má sá o. Ó kàn máa ṣíwọ́ jíjẹ ni, ẹ ó wá máa pààrọ̀ fláì lásán.

Ẹ má wọnú omi, ẹrẹ̀ á dà rú. Láti ìsàlẹ̀ odò ni kí ẹ ti máa gòkè bọ̀, torí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀ ni trout ń kọjú sí. Bí ẹ bá ku ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí etí omi, ẹ kúnlẹ̀, kí òjìji yín àti ti ọ̀pá má bàa bọ́ sójú omi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ kàn máa wò. Ẹ wá ọ̀nà tóóró láàárín ewéko omi, níbi tí ìsàlẹ̀ ti mọ́. Ẹ lè má rí odidi ẹja níbẹ̀: ìrù tó ń mì díẹ̀díẹ̀ ni ẹ máa rí, tàbí nǹkan funfun tó yọ fìrí lábẹ́ omi tó tún wọlé. Inú ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Ó ń jẹun.

———

Òótọ́ ni ohun tí a sọ nípa ẹsẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi ti okùn kún un. Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 9, okùn nọ́ńbà 4 (nọ́ńbà yìí ń sọ bí okùn ṣe wúwo tó). Kí líídà, okùn ọ̀rá tínrín tó wà lẹ́nu okùn, gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12: ẹ ra ti 9, kí ẹ so típẹ́ẹ̀tì (ọ̀rá tó tínrín jù, tí a ń so fláì mọ́) ẹsẹ̀ bàtà 3 mọ́ ọn. Ẹ pín nọ́ńbà fláì (bó bá ṣe pọ̀ tó ni fláì ṣe kéré tó) sí mẹ́ta, ẹ ó mọ nọ́ńbà típẹ́ẹ̀tì tó bá a mu: fláì 18, típẹ́ẹ̀tì 6X, tí sísanra rẹ̀ jẹ́ 0.127 mm. Ẹ fi itọ́ sí kókó kí ẹ tó fà á le. Kókó tí a fà ní gbígbẹ máa ń gbóná, ọ̀rá á ti bàjẹ́ nínú, ibẹ̀ gan-an ló sì máa já sí.

Àmọ́ ohun tó ń dá apẹja lágara jù ni kí okùn máa wọ́ fláì. Ewéko ti pín omi sí ìṣàn tóóró tóóró, ọ̀kan ń yára, èkejì ń falẹ̀, okùn yín sì nà gbalaja lórí mẹ́ta mẹ́rin nínú wọn. Ẹ wo ìfófòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fláì. Bí ọ̀kan bá fi ìbú ìka kan ṣáájú èkejì, trout ti mọ̀. Nígbà tí ẹ bá ju okùn, ẹ dá ọ̀pá dúró lókè, ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀ kí okùn tó bọ́ sómi. Á bọ́ ní kọ́rọkọ̀rọ bí ejò. Omi gbọ́dọ̀ na àwọn kọ́rọ yẹn tán kó tó kan fláì. Ẹsẹ̀ bàtà méjì síwájú ẹja ti tó. Bó bá tó mẹ́fà, ìṣàn mìíràn á ti gbé e lọ.

———

Ní ti fláì, ẹ má kó àpótí kíkún lọ. Ohun tó wà nínú Letort lójoojúmọ́ ni kòkòrò pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú tí wọ́n ń pè ní cress bug, àti edé odò kéékèèké. Nọ́ńbà 16 ni kí ẹ lò. Ẹ wé wáyà tínrín yí ìwọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ẹ wé irun ẹranko aláwọ̀ eérú lé e kó kún, kí ẹ wá fi àlùmágàjí gé òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ. Ẹ má gé ẹ̀gbẹ́. Bó bá rí roboto, kò jọ kòkòrò náà mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, láti àárín oṣù Karùn-ún wọ oṣù Kẹfà, ẹ lo fláì tó jọ sulphur, kòkòrò oníyẹ̀ẹ́ tó ń jáde látinú omi, tó pọ́n bí inú ẹyin, nọ́ńbà 16 tàbí 18. Ní odò Falling Spring, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chambersburg, òwúrọ̀ oṣù Keje sí Kẹsàn-án ni ti trico, irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ tó kéré gan-an, nọ́ńbà 24. Lọ́sàn-án gangan, ẹ lo ohun tó ń já láti orí koríko: èèrà, tata, ìrẹ̀. Etí Letort ni Vincent Marinaro àti Charles Fox, àwọn apẹja tó kọ ìwé nípa fláì, ti jókòó ti irú kòkòrò orí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ed Shenk, apẹja mìíràn níbẹ̀, ló wé fláì ìrẹ̀ dúdú tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Letort Cricket. Tata àti ìrẹ̀ nìkan ni kí ẹ jẹ́ kó bọ́ sómi pẹ̀lú ariwo díẹ̀, torí bí wọ́n ṣe ń já gan-an nìyẹn.

———

Ó ku ti ìgbà tí ẹja bá gbé fláì. Ẹ má já a gbà. Kó pa ẹnu dé, kó dorí kodò, kí ẹ tó gbé ọ̀pá. Inú ewéko ló máa sá lọ. Ẹ tẹ ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi, ẹ fà á sí ìsàlẹ̀ odò: ibẹ̀ ni ewéko náà sùn sí, ẹja á yọ́ jáde. Ẹni tó bá fà á sókè ń wé e mọ́ ewéko ni. Bó bá ti wọlé pátápátá, ẹ dẹ okùn fún ìdajì ìṣẹ́jú. Ó sábà máa ń jáde fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá ti pé ọdún 16 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìpẹja Pennsylvania, àti ti trout lọ́tọ̀.

Ẹ tẹ ẹ̀gún ìwọ̀ mọ́lẹ̀ nílé. Ẹ rẹ ọwọ́ sómi kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹja, torí ọwọ́ gbígbẹ ń bó ìyọ̀ ara rẹ̀. Ìjọba kọ́ ni ó ń kó trout Letort wá sínú odò. Lóòótọ́, ẹyin brown trout ti Jámánì wọ Amẹ́ríkà ní 1883, ṣùgbọ́n fúnra wọn ni àwọn tó wà níbẹ̀ ń yé, tí wọ́n ń pa. Láti oṣù Kẹwàá sí Kejìlá, bí ẹ bá rí ojú òkúta wẹ́wẹ́ tó funfun ju ti àyíká rẹ̀ lọ, tí ẹja méjì dúró lé e lórí, ẹ má ju fláì sí wọn, ẹ má sì tẹ ibẹ̀. Ẹyin wà lábẹ́ rẹ̀.