Abẹ́rẹ́ inú àyà: ibi tí ìbéèrè mi parí sí

Mo bi yín pé ṣé ó di dandan kí wọ́n la àyà gbàǹgbà kí wọ́n tó yọ abẹ́rẹ́ ìránṣọ tó wọ inú rẹ̀. Kò di dandan, bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dà nínú, tí ara aláìsàn sì balẹ̀. Ihò mẹ́ta tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 ti tó: ọ̀kan fún kámẹ́rà, méjì fún irinṣẹ́. Etí òkè egungun ìhà ni wọ́n ń gbà wọlé, torí abẹ́ rẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ sá sí. Wọn á ti kọ́kọ́ dá afẹ́fẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀gbẹ́ yẹn dúró, kó lè rọ wọ̀ọ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ máa ń rìn. Àwòrán àná lè má bá ti òní mu, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ tún X-ray yà ní tíátà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fẹ̀gbẹ́ aláìsàn lélẹ̀. (MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, kọ́ o! Òòfà rẹ̀ lè fa abẹ́rẹ́ náà.) Bó bá ti wọnú ẹran ẹ̀dọ̀fóró, kámẹ́rà nìkan kò lè rí i. Inú àpò kékeré ni kó gbà jáde, kó má bàa já bọ́ lẹ́nu ẹ̀mú. Wọn á fi rọ́bà sílẹ̀ nínú àyà láti fa afẹ́fẹ́ àti omi jáde.

Mo ti pa ìbéèrè yìí dé. Ẹ ṣeun.