Ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ NGO fẹ́ di aṣòfin ní ìpínlẹ̀ Georgia, l'Amẹ́ríkà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Stone Mountain: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Táyé mi ń bá àwọn ọmọ iléèwé ṣiṣẹ́ nínú NGO kan, owó ibẹ̀ ò tó nǹkan. Àfi bó ṣe ní òun fẹ́ díje fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Bàbá ẹ̀ ò dá a lóhùn láti àná. Ṣé iṣẹ́ nìyẹn?

Bọ̀ọ̀dá Decatur: Ẹ fọkàn balẹ̀ mà. Ẹ wo Phil Olaleye, orúkọ ẹ̀ ti sọ ibi tó ti wá. NGO tó ń jẹ́ Next Generation Men & Women ló ń darí ní Atlanta kó tó wọlé, àwọn ọmọ girama ni wọ́n ń tọ́ sọ́nà. Ó wọlé sílé aṣòfin Georgia láti District 59, agbègbè ìdìbò kan, lọ́dún 2022. Ẹni tó ti ń bá òbí àti olùkọ́ jókòó tipẹ́ ti mọ ohun tó ń dun àdúgbò.

Ìyá Ìbejì: Ṣé á wá fiṣẹ́ sílẹ̀ ni?

Lọ́yà Marietta: Kó má dán an wò! 40 ọjọ́ péré ni wọ́n fi ń jókòó lọ́dún, láti January. Owó aṣòfin Georgia ò lè gbọ́ bùkátà ilé. Ibi tí wàhálà wà nìyí: bí NGO yẹn bá jẹ́ 501(c)(3), ìyẹn ẹgbẹ́ aláàánú tí kì í san owó orí, IRS, àjọ owó orí Amẹ́ríkà, ò gbà kó ti olóṣèlú kankan lẹ́yìn, bó ti wù kó kéré mọ. Kò gbọ́dọ̀ fi ímeèlì ọ́fíìsì polongo, kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ wọn tẹ pósítà. Lẹ́yìn iṣẹ́, lórúkọ ara ẹ̀, kò séwu. Kó kọ́kọ́ sọ fún board, àwọn ìgbìmọ̀ tó ń darí NGO náà.

Ìyá Ìbejì: Yéè! Orí WhatsApp NGO ló ti kéde ẹ̀!

Lọ́yà Marietta: Kó má tún un ṣe o. Kó ṣí tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Àbúrò Lithonia: Àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ di sítísẹ̀n ńkọ́?

Lọ́yà Marietta: Ẹ lè díje. Kẹ́ ẹ ti pé ọmọ ọdún 21, kẹ́ ẹ ti lo ọdún méjì ní Georgia, ọdún kan ládùúgbò tẹ́ ẹ fẹ́ ṣojú. Ẹ̀yin oní-green card, bí wọ́n bá bi yín níbi tẹ́ ẹ ti ń gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀ bóyá ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìbò, ẹ ní rárá. Bí ẹni tí kì í ṣe sítísẹ̀n bá forúkọ sílẹ̀, wọ́n lè dá a padà sílé.

Bọ̀ọ̀dá Decatur: Owó fọ́ọ̀mù, $400. Nílé, mílíọ̀nù méjì náírà ni APC ta ti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní 2022.

Ìyá Ìbejì: $400? Bàbá ẹ̀ ti lanu o. Ó ní district wo la wà.

Bọ̀ọ̀dá Decatur: Ẹ wo My Voter Page, ojú ewé ìjọba Georgia fún olùdìbò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mà, ó wà níbẹ̀.