Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣoore tó padà dìjà, ẹ wá sọ tiyín

Oníbàtà Yábà: Lánàá, obìnrin kan bọ́ọ́lẹ̀ nínú dáńfó ní Ojúẹlẹ́gba, ẹrù ẹ̀ fọ́n ká. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń bá a ṣà á. Ló bá figbe bọnu: "Olè!" Kíá làwọn ọmọkùnrin ti yí mi ká. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá alágbàdo tójú ẹ̀ tó o látìbẹ̀rẹ̀. Ta nirú ẹ̀ ti ṣe rí? Ta sì ni tiẹ̀ yọrí sí rere?

Ìyá Aláṣọ Ìdúmọ̀tà: Mo dúró fún aládùúgbò mi gba owó gbọ́múléláńtà. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló kó lọ. Odidi ọdún kan ni mo fi san án.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹni tó bá dúró fúnni, òun gan-an ni onígbèsè lójú wọn.

Tíṣà Bàrígà: Tèmi ò kan owó. Wárápá máa ń ṣe àbúrò mi obìnrin. Lọ́jọ́ kan a wọ ọkọ̀ ní Ọbaléńdé, ó gbé e kí mọ́tò tó ṣí. Kí n tó lanu, wọ́n ti gbé e sọ̀kalẹ̀. Ọkùnrin méjì tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹnì kan ń da píọ̀ wọ́tà sí i lójú, ìyá olóúnjẹ kan sì sáré mú ṣíbí tó fi ń bu ìrẹsì wá, ó ń fi ya eyín ẹ̀. Mo ń pariwo pé ẹ fi sílẹ̀, wọ́n ní kí ni ọmọdé mọ̀. Nígbà tó máa fi jí, eyín iwájú ẹ̀ kan ti kán, ẹnu ẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀. Ìyá náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ní òun rò pé yóò gé ahọ́n ara ẹ̀ jẹ ni. Dòní olónìí, mi ò rí bí mo ṣe fẹ́ bínú sí i.

Dírẹ́bà Kétu: Ṣíbí la bá láyé o. Tó bá wá gbé ahọ́n mì ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Agége: Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó lè gbé ahọ́n ara ẹ̀ mì. Ó lè fi eyín gé e díẹ̀, ìyẹn á jinná. Eyín tó kán tó wá lọ há sọ́nà ọ̀fun ló léwu. Ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má dì í mú. Ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí, ẹ fi aṣọ tẹ́ orí ẹ̀. Tó bá ti rọlẹ̀, ẹ fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ wo aago: tó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ọsibítù ló kàn. Ẹ pe 112 tàbí 767.

Ìyá Aláṣọ Ìdúmọ̀tà: Itọ́ yẹn gan-an, wọ́n ní ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ló máa kó o.

Nọ́ọ̀sì Agége: Rárá mà! Inú ọpọlọ ló ti ń wá, kì í ràn. Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, ọmọ ọlọ́mọ máa ń ṣubú sínú iná, wọ́n á sì máa wò ó.

Ìyá Aláṣọ Ìdúmọ̀tà: Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo ti sá fún ọ̀kan rí.

Dírẹ́bà Kétu: Ẹ̀yin ọsibítù náà ń léèyàn. Mo gbé ọmọkùnrin tíbọn bà lọ lóru, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ gbàwé wá lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Láti 2017 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti wà. Ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o, wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹni tíbọn bà. Òfin yẹn náà ló ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ẹni tó gbé e wá, kí wọ́n má fi ìbéèrè tàbùkù ẹ̀.

Dírẹ́bà Kétu: Wọ́n tàbùkù mi o! Wákàtí mẹ́rin ni mo fi jókòó sí tésàn, ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ti gbẹ mọ́ mi láṣọ. Ọsibítù kejì ló gbà á. Ó yè. Gbogbo ọjọ́ Iléyá ló máa ń pè mí.

Aládìẹ Mile 12: Èmi ò ní gbé ẹnikẹ́ni. Mo ní ọmọ mẹ́ta nílé.

Dírẹ́bà Kétu: Tó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn ló wà nílẹ̀ ńkọ́?

Tíṣà Bàrígà: Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tẹ ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn sórí ìwé, kí n lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gáréèjì Ọbaléńdé. Màá mú ọ̀kan fún ìyá olóúnjẹ yẹn.

Ìyá Aláṣọ Ìdúmọ̀tà: Mú ogún wá sí Ìdúmọ̀tà, ọmọ mi. Èmi ni màá lẹ̀ ẹ́.