Wọ́n ń fi gbèsè tí n kò jẹ dà mí láàmú

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwọn ayánilówó orí fóònù kan ti ń pè mí láti aago 6 àárọ̀, pé kí n san ₦45,000 tí ẹnìkan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí yá. N kò ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà mi ni wọ́n rí nínú fóònù rẹ̀. Lánàá, wọ́n fi àwòrán mi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ “olè” sábẹ́ rẹ̀. Ṣé kí n san án kí n lè sinmi?

Bàbá Àlàbí: Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ kò tọwọ́ bọ̀wé, ẹ kò sì gba owó. Ẹ kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí wọ́n fi ìwé àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí hàn, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ wọn, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ẹ má fún wọn ní BVN yín, ohun yòówù kí wọ́n sọ.

Adékẹ́mi: Ọ̀rọ̀ àwòrán yẹn bí mi nínú gan-an, mà. Ẹ fi ẹjọ́ wọn sun FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, tó gbé ìlànà kalẹ̀ fún irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ ní 2022. Àjọ NDPC ló ń mójú tó òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023; ẹ fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí àwọn pẹ̀lú.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun. Mo ti ń kọ ìwé náà lọ́wọ́.