Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá ni kì í ráyè sinmi: ìrírí mi lórí òkè kan

Àwọn kan ti sọ ìrírí wọn lórí àwọn òkè gíga tí wọ́n gùn; òkè tèmi kò ga tó tiwọn. Òkè kékeré kan tó lẹ́wà ni, àwa mẹ́sàn-án la jọ gùn ún láàárọ̀, a sì ti sọ̀kalẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kó èrò lẹ́yìn lọ sórí òkè, kó gbọ́ èyí ná.

Ọ̀nà náà tó kìlómítà 4, ibi tí a sì máa gùn ga tó mítà 300. Bọ̀ọ̀dá tó kó wa jáde fi òfin Naismith ṣírò àkókò tí gígùn rẹ̀ máa gbà fún wa. Ará Scotland ni William Naismith, ọdún 1892 ló gbé òfin náà kalẹ̀: wákàtí kan fún nǹkan bíi kìlómítà 5, kí èèyàn tún fi wákàtí kan kún un fún mítà 600 tó bá gùn. Tiwa wá jẹ́ ìṣẹ́jú 78. Inú gbogbo wa dùn. Kẹ́ ẹ sì wò ó, òfin yẹn kò ka ìsinmi mọ́ ọn, kò ka fọ́tò yíyà, kò sì mọ ẹni tí èémí rẹ̀ kúrú.

A ò tíì rìn jìnnà tá a fi pín sí méjì. Àwọn géńdé wà níwájú, wọ́n ń fò láti orí òkúta kan dé òmíràn. Màmá kan tí wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló kẹ́yìn, èmi ni mo sì ń bá wọn bọ̀, torí èmi náà fẹ́ràn kí n máa wo igi wo ewé. Níbi tí ọ̀nà bá ti yà, àwọn ará iwájú á dúró dè wá. Kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á ti jókòó, wọ́n á ti mumi, èémí wọn á ti balẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí fìlà Màmá tó yọ láàárín koríko, wọ́n á dìde, wọ́n á gbọn ìdí ṣòkòtò: "Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ!" Màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò ní jókòó rárá. Àwọn tí kò rẹ̀ ló ń sinmi, ẹni tó rẹ̀ ń rìn lọ. Nígbà tó yá mo wojú Màmá, ètè wọn ti gbẹ, ìgò omi wọn sì ṣì kún dẹ́múdẹ́mú, torí wọn ò ráyè tú okùn àpò.

Mo ní, "Màmá, ẹ jókòó."

"Ọmọ mi, wọ́n ti ń lọ."

Mo súfèé pe àwọn ará iwájú. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Màmá ṣáájú wa." Géńdé kan rojú, ó ní a ò ní débẹ̀ mọ́ nìyẹn. Bọ̀ọ̀dá gbà ṣá. Màmá bọ́ síwájú, ìṣísẹ̀ kúkúrú kúkúrú, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ń kanlẹ̀. Ìdúró wa dín kù lójú ẹsẹ̀. Géńdé tó rojú yẹn gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í tàkúrọ̀sọ, bẹ́ẹ̀ kò lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀ nígbà tó ń sáré. Ẹni tó bá lè sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ, ìrìn yẹn bá a mu.

Ibi tó ba gbogbo wa lọ́kàn jẹ́ ni ṣóńṣó tó tàn wá jẹ. A rí òkúta kan lókè, a hó yèè, a débẹ̀, a sì rí i pé òkè ṣì kù lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí òkè bá ti yọ ikùn síta, èyí tó sún mọ́ni ló ń bo èyí tó wà lókè mọ́lẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mọ̀, kò sọ fún wa.

Ìran tó wà lókè dára, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Òtútù ni kí n sọ. Bí èèyàn bá gun mítà 1,000, ooru sábà máa ń fi nǹkan bíi dígírì Celsius 6.5 dín kù, nítorí náà mítà 300 kò tó ohun tó ń gbọ̀n wá. Òógùn tó rin aṣọ wa ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ẹ wọ ẹ̀wù òtútù kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Àwọn géńdé fẹ́ sáré sọ̀kalẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ sì ń yí lábẹ́ bàtà wọn. Nígbà tí à ń sọ̀kalẹ̀, iṣan itan ń nà bó ṣe ń gbé wa dúró. Òun ló ń fa ìrora tó máa ń le jù lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta. Màmá ní ọ̀pá tiwọn, wọ́n ń fi í tilẹ̀ jẹ́jẹ́.

Lápapọ̀, a lò ju wákàtí méjì lọ láti gùn ún. Àwọn géńdé ní nígbà mìíràn àwọn á lọ lọ́tọ̀. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀, bí ẹni tó mọ̀nà bá ti wà nínú ọ̀wọ́ méjèèjì.