Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Jinhua ní ilẹ̀ Ṣáínà: èwo ni kí n fara mọ́, èwo ni kí n kọ̀?

Ọmọ Aláṣọ-Òkè (Jinhua)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni mo ti wà ní Jinhua, ní ìpínlẹ̀ Zhejiang, níbi tí mo ti ń kàwé gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Ṣáínà ni mo rí: wọn kò gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ mi, wọ́n fún mi ní yàrá, wọ́n sì ń fún mi ní 3,000 yuan lóṣooṣù fún oúnjẹ àti ìnáwó kéékèèké. Tíṣà ni mí ní Ìsẹ́yìn kí n tó wá, ibẹ̀ náà ni ọkọ mi àti ọmọ wa wà báyìí.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo àwọn ohun tí ojú mi ti rí, kí ẹ sì sọ fún mi èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé àlejò ni mí, àti èyí tí yóò máa bá mi gbé títí n ó fi parí ẹ̀kọ́ mi.

Kí n má purọ́, ìlú yìí rọrùn láti gbé ju bí mo ti rò lọ. Obìnrin lè dá rìn ní òru láìbojú wẹ̀yìn. Ẹrù tí àwọn ènìyàn rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń wà lórí pẹpẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa láti àárọ̀ di alẹ́, kò sì sí ẹni tó ń fọwọ́ kan èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Iná kì í lọ. Agbára káká ni mo fi ń rí ẹni tó ń ná owó bébà. Bàbá tó ń sun ọ̀dùnkún létí títì pàápàá ti lẹ àmì tí fóònù ń kà mọ́ ara kẹ̀kẹ́ rẹ̀, òun náà ni gbogbo oníbàárà fi ń sanwó fún un. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ní títì kò ju àwọn alùpùpù oníná lọ, tí wọn kì í pariwo rárá, tó jẹ́ pé wọ́n á ti dé ẹ̀yìn ẹni lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kí ènìyàn tó mọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, nígbà tí wọ́n ta àsíá pupa sí gbogbo òpópónà nítorí àyájọ́ ìdásílẹ̀ orílẹ̀-èdè wọn ní 1949, tí ilé-ìwé sì ti pa, èmi náà wọ aṣọ òkè mi nínú yàrá, mo ń dá ṣe ti 1960 tiwa.

Ọ̀rọ̀ wá kù síbi mẹ́ta. Èkíní ni ojú. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹlòmíràn á gbé fóònù sókè, á ya àwòrán mi láìbéèrè. Ìyá àgbà kan di ọwọ́ mi mú lọ́jà, ó sì fi àtàǹpàkò ra á, bóyá àwọ̀ náà yóò ṣí. Àwọn tí a jọ ń gbé nínú ilé kan náà, bí mo bá kí wọn láàárọ̀, ṣe ni wọ́n máa ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ wá yá owó. Ẹ mọ ilé tí a ti wá: ẹni tó bá ń kọjá lára ènìyàn láìkí i, ìjà ló ń bá a jà.

Èkejì ni oúnjẹ. Mùsùlùmí ni mí, ìlú tí mo sì bá ara mi yìí, itan ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ pa tí wọ́n sì sá gbẹ ló sọ ọ́ di olókìkí káàkiri Ṣáínà. Ẹ̀fọ́ lásán tí mo bá rà, n óò rí ẹran wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Ìrẹsì àti ẹyin ni mo wá ń jẹ láti ọjọ́ dé ọjọ́.

Ẹ̀kẹta ni kò jẹ́ kí n sùn. Arákùnrin kan tó ń bá àwọn ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi wá olùkọ́ kàn sí mi pé kí n máa kọ́ àwọn ọmọdé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Àìkú, wọn yóò máa san owó fún mi lọ́wọ́, kò sí ìwé kankan láti fọwọ́ sí. Ó ní bí òbí bá bi mí léèrè, kí n sọ pé ọmọ South Africa ni mí. Àwọn kan nínú kíláàsì wa ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, nǹkan kan kò sì ṣe wọ́n. Ọkọ mi ní kí n ṣọ́ra, ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé ọmọ ń bọ̀ ní oṣù kìíní, a sì jọ mọ̀ pé owó oṣù tirẹ̀ nìkan kò lè gbé e. Ṣé kí n lọ?

Ìyá Ìbejì (Guangzhou)

Àbúrò mi, o kú àjò, o kú ìfaradà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tajà ní Sanyuanli níbí, nítorí náà ọ̀rọ̀ ojú ni n ó mú, kí àwọn ọ̀mọ̀wé mú ìyókù.

Ní àdúgbò wa àti ní Xiaobei, kò sí ẹni tó ń wo ènìyàn dúdú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti rí wa tó. Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé ibi tí wọn kò bá ti wò ọ́ ni wọ́n ti fẹ́ràn rẹ. Ní oṣù kẹrin 2020, nígbà àrùn kòrónà, inú ìlú tí wọ́n ti mọ̀ wá dáadáa yìí ni wọ́n ti lé ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà jáde kúrò nílé àti ní hòtẹ́ẹ̀lì, tí àwọn kan sì sun títì. Ìyá àgbà tó ra ọ́ lọ́wọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kí ó má tíì rí ènìyàn dúdú rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n onílé tó bá wo ìwé ìrìnnà ènìyàn, tó ní yàrá ti tán, òun ló mọ ohun tó ń ṣe. Má fi gbèsè ẹni kejì dá ẹni àkọ́kọ́ lọ́rùn.

Bí wọ́n bá gbé fóònù sí ọ lójú tí o kò sì fẹ́, gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè, kí o fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ pé "qǐng bú yào pāi", ìyẹn ni pé kí wọ́n jọ̀ọ́ má ya á. Ojú máa ń tì wọ́n, nítorí wọn kò rò pé o gbọ́ èdè wọn.

Ní ti ìkíni, wò wọ́n dáadáa, wọn kì í kí ara wọn náà bí wọn kò bá mọra. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ò ń rí lójoojúmọ́ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀: obìnrin tó ń gbálẹ̀ ilé yín, pè é ní āyí, ìyẹn àǹtí, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, pè é ní shīfu, ìyẹn ọ̀gá, nítorí àwọn náà kì í la orúkọ mọ́ àgbà lórí. Bí o bá fẹ́ fún wọn ní nǹkan, ọwọ́ méjèèjì ni kí o fi nà án. Kò ní pẹ́ tí āyí yẹn yóò fi máa bi ọ́ bóyá o ti jẹun, tí yóò sì máa bá ọ wí pé aṣọ tí o wọ̀ kò nípọn tó.

Akẹ́kọ̀ọ́ Wuhan

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrìn àjò. Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi mà, n kò gbà pé àìmọ̀ ló ń ṣe gbogbo àwọn tó ń ya àwòrán. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gbé e sórí Douyin, ìyẹn TikTok ti Ṣáínà, láti fi dá àwọn ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín. Bí ọmọdé bá nawọ́ sí mi, mo máa ń dá a lóhùn. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà, mo máa ń dúró tì í títí yóò fi pa àwòrán náà rẹ́ lójú mi.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo fẹ́ sọ dáadáa. Ẹ wá àwọn ilé oúnjẹ tí wọ́n kọ 清真 sí iwájú wọn, qīngzhēn ni wọ́n ń pè é. Oúnjẹ tí Mùsùlùmí lè jẹ ni wọ́n ń tà. Àwọn ẹ̀yà Hui láti Gansu àti Qinghai ló ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, núdù tí wọ́n ń fọwọ́ fà lójú ẹni ni wọ́n ń tà pẹ̀lú ẹran màlúù. Ẹ tún súnmọ́ Yiwu, tó wà lábẹ́ Jinhua tiyín. Nítorí ọjà ńlá tó wà níbẹ̀, àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Árábù àti Áfíríkà pọ̀ ní ìlú náà, mọ́sálásí ńlá wà níbẹ̀, ẹran tí wọ́n pa lọ́nà ẹ̀sìn sì wà ní títà.

Bí ẹ bá ní ibi tí ẹ lè dáná, ẹ kò ní fi ìrẹsì àti ẹyin parí ọdún. Ewébẹ̀ tí wọ́n ń pè ní xiàncài, tẹ̀tẹ̀ wa náà ni. Èyí tí àárín ewé rẹ̀ pupa máa ń sọ omi ọbẹ̀ di pupa, ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù. Ilá wà, qiūkuí ni orúkọ rẹ̀. Bí irú tí ẹ gbé wá bá tán, ẹ ra dòuchǐ, ìyẹn ẹ̀wà sóyà dúdú tí wọ́n bò títí tó fi kan, kí ẹ sì fọ iyọ̀ ara rẹ̀ kúrò kí ẹ tó dà á sínú ata. Òórùn rẹ̀ kò tó ti irú, ṣùgbọ́n ó ń ṣe iṣẹ́ irú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi shānyao tàn yín pé iṣu ni. Iṣu ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń yọ̀, kò sì ṣeé gún. Huājiāo tí wọ́n ń dà sínú ọbẹ̀ kì í ṣe ata, ètè ló ń pa kú.

Ẹ tètè múra sílẹ̀ fún otútù. Láti àwọn ọdún 1950 ni ìjọba ti pín orílẹ̀-èdè yìí sí méjì ní ti mímú ilé móoru, òkè Qinling àti odò Huai sì ni ààlà. Àwọn ará àríwá máa ń rí ooru gbà láti inú páìpù ìlú, ní Beijing láti 15 oṣù kọkànlá títí di 15 oṣù kẹta. Àwa tí a wà ní gúúsù ààlà náà, Wuhan àti Jinhua, kò kàn wá, nítorí náà inú ilé máa ń tutù bí ìta. Ìborà oníná dára, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ilé-ìwé yín gbà á, torí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni kì í fẹ́ ohun èlò oníná nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́. Bí wọn kò bá gbà á, rọ́bà omi gbígbóná ni kí ẹ rà.

Olùwádìí (Beijing)

Àbúrò mi, má lọ. Òfin tó ń darí ìwọlé àti ìjáde àwọn àjèjì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 oṣù keje 2013, sọ pé àjèjì tó bá ṣiṣẹ́ láìgbàṣẹ yóò san owó ìtanràn láti 5,000 dé 20,000 yuan, bí ọ̀rọ̀ náà bá sì wúwo, wọn yóò tì í mọ́lé fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n tún lè lé e kúrò nílùú. Fi ìtanràn tó kéré jù lọ níbẹ̀ wé 3,000 tí ò ń gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe iṣẹ́ díẹ̀ níta, ṣùgbọ́n ilé-ìwé rẹ̀ ní láti fọwọ́ sí i, kí àwọn ọlọ́pàá tó ń bójú tó ìwọlé àti ìjáde sì kọ ọ́ sí ara ìwé àṣẹ ìgbé rẹ̀. Arákùnrin yẹn kò sọ ìkankan nínú èyí fún ọ.

Ìdí tó fi ní kí o pe ara rẹ ní ọmọ South Africa ni pé wọ́n ka orílẹ̀-èdè yẹn mọ́ àwọn tí èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí níbẹ̀, wọn kò sì ka Nàìjíríà mọ́ wọn. Irọ́ yẹn gan-an ló ń tà fún àwọn òbí, ọwọ́ rẹ ni yóò sì bá a lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá béèrè ìwé ìrìnnà. Ní ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ tí nǹkan kan kò ṣe, rántí pé àwọn tí nǹkan bá ṣe kì í sí ní kíláàsì mọ́ láti ròyìn fún àwọn tuntun.

Ohun mìíràn tún wà tí kò ní ìwúwo tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í fiyè sí. Bí o bá sùn sí Yiwu, tó bá jẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn ni yóò fi orúkọ rẹ ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá. Tó bá jẹ́ ilé ọ̀rẹ́, ìwọ tàbí onílé gbọ́dọ̀ lọ forúkọ rẹ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò láàárín wákàtí 24, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtanràn rẹ̀ lè tó 2,000 yuan.

Ọmọ Aláṣọ-Òkè (Jinhua)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ránṣẹ́ sí arákùnrin náà pé n kò ṣe mọ́, kò sì tíì fèsì. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní Beijing, ẹ kò sọ ibi tí owó ilé-ìwé ọmọ yóò ti wá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan kún un. Kí n tó débí, WhatsApp ni mo rò pé a ó máa fi sọ̀rọ̀, kò sì ṣiṣẹ́ níbí. Wákàtí méje ni a fi ṣáájú wọn. Nígbà tí mo bá ráyè ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, aago méjì ọ̀sán ni ní Ìsẹ́yìn, ọkọ mi wà níbi iṣẹ́. Kí ni ẹ̀yin tí ẹ fi ìdílé sílẹ̀ ń ṣe?

Ìyá Ìbejì (Guangzhou)

Jẹ́ kí ọkọ rẹ ní WeChat, áàpù tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ níbí. Wọ́n lè béèrè pé kí ẹni tó ti ń lò ó jẹ́rìí sí i kí wọ́n tó ṣí i fún un, ìwọ ni kí o jẹ́rìí. Aago mẹ́fà àárọ̀ Ìsẹ́yìn ni kí ẹ máa sọ̀rọ̀, kí ọmọ tó lọ sílé-ìwé: aago kan ọ̀sán ni lọ́dọ̀ rẹ, àsìkò ìsinmi ọ̀sán àwọn ará Ṣáínà. Ní ti owó, Yiwu wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Ṣé o kò lè máa bá àwọn ará ilé ra ọjà ránṣẹ́ ni?

Olùwádìí (Beijing)

Ẹ jọ̀wọ́ mà, iṣẹ́ ni èyí náà bí ó bá ń gba owó lé e.

Ìyá Ìbejì (Guangzhou)

Ó dáa, mo gbọ́. Àbúrò mi, ìwọ tí kì í san owó yàrá, bí o bá ń fi xiàncài àti dòuchǐ dáná fúnra rẹ bí ọmọ Wuhan ti wí, nǹkan yóò ṣẹ́kù nínú 3,000 yẹn lóṣooṣù. Ìṣẹ́kù náà ni kí o máa kó jọ fún owó ilé-ìwé ọmọ. Nígbà ìsinmi ọdún tuntun wọn, má dá jókòó sínú otútù Jinhua. Wá sọ́dọ̀ mi. Ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìn àjò ni wọ́n máa ń ṣí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin sílẹ̀ lórí 12306, ìkànnì tí wọ́n ti ń tà á, kíákíá ni wọ́n sì máa ń tán nígbà ọdún, nítorí náà ra tìrẹ lọ́jọ́ náà gan-an. Mú ìwé ìrìnnà rẹ dání. Bí o bá ti sọ ẹrù kalẹ̀, àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò wa la ó kọ́kọ́ lọ, ká tó gbé ìkòkò kaná.